Kàpásítọ̀ Tí Àlàbá Kò Kà Sí Ló Gba Iṣẹ́ Mi Là

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí jù. Ọgbọ̀n kọ́ìlì, ọgbọ̀n kàpásítọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi tẹ orí mọ́ soldering iron, àti owó tó yẹ kí n fi jẹun fún odidi oṣù kan. Mo to gbogbo rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, mo tan iná sí i, mo wo ojú oscilloscope. Ohun tí mo tì wọlé láti orí wáyà, òun náà ló jáde ní ìdí rẹ̀. Etí rẹ̀ kàn rọ̀ díẹ̀ ni. Ó dà bíi kéèyàn gbé ẹ̀wà kaná láti àárọ̀, kó ṣí ìkòkò lálẹ́, kó rí i pé ẹ̀wà ṣì ń wo òun bí òkúta.

Súpáfáísọ̀ mi wò ó, kò pariwo rárá. Ó kàn ní, "Tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, a máa wá àkòrí míì fún ẹ." Ọjọ́bọ̀ la wà. Ẹni tó bá ti ṣe másítàs rí mọ ohun tí "àkòrí míì" túmọ̀ sí: ọdún kan míì, owó ilé ìwé míì, àti àwọn mọ̀lẹ́bí tó máa tún bi ẹ́ pé ìgbà wo lo máa parí.

Bí mo ṣe bọ́ nínú ẹ̀ rèé. Ọjà Àlàbá ni mo ti rí ojútùú rẹ̀, lábẹ́ agbòjò bàbá kan tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe.

Kí ni mò ń wá gan-an?

Rédíò, fóònù, Wi-Fi, gbogbo wọn ń lo ìgbì rédíò. Ìgbì yìí máa ń wáyé nígbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, lọ-bọ̀ lọ-bọ̀, lọ́pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye ìgbà tó lọ tó bọ̀ ni wọ́n ń fi hertz kà.

Ohun tó lè mú iná lọ-bọ̀ báyìí pọ̀. Nínú rédíò kékeré, transistor ló ń ṣe é. Nínú máíkírówéèfù tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná, magnetron ni: ọpọ́n irin tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, tí wọ́n de mágnẹ́ẹ̀tì mọ́, tí ohun kan sì ń gbóná nínú rẹ̀ kó lè máa tu electron jáde. Ó lágbára, àmọ́ ó wúwo, ó sì máa ń gbó.

Ọ̀nà míì wà tí kò nílò ọpọ́n, tí kò nílò ohun tó ń gbóná. Nonlinear transmission line ni wọ́n ń pè é, NLTL ni wọ́n gé e kúrú sí. Téèyàn bá wò ó lójú lásán, kò jọ nǹkan bàbàrà. Ó dà bí àkàbà tí wọ́n fi lélẹ̀: kọ́ìlì, kàpásítọ̀, kọ́ìlì, kàpásítọ̀, títí dé ìparí. Wàá ti iná wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójijì, ìgbì rédíò á jáde lódì kejì. Wáyà náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ẹyọ kan di ọ̀pọ̀.

Báwo? Ẹ fojú inú wo àwọn èèyàn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń gbé omi fún ara wọn. Olúkúlùkù ní garawa tiẹ̀. O gbọ́dọ̀ kún garawa tìẹ ná kí o tó lè dà á fún ẹni tó kàn. Kàpásítọ̀ ni garawa yẹn. Kọ́ìlì ni ọwọ́ tó wúwo, tí kì í fẹ́ tètè gbéra. Bí garawa bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni omi á ṣe pẹ́ tó kó tó dé ìparí.

Kọ́ìlì mi kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 microhenry, kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 10 nanofarad. Tí ẹ bá sọ méjèèjì di púpọ̀ ara wọn, tí ẹ wá ṣe square root rẹ̀, ẹ máa rí i pé ìpele kan ń gba microsecond 1, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ìpele 30 á gba microsecond 30. Títí dé ibí yìí, wáyà lásán ni.

Ìdán bẹ̀rẹ̀ tí garawa bá ń sún kì bí omi bá ṣe ń ga nínú rẹ̀. Ká ní fóltéèjì tó ga sọ 10 nanofarad di 4. Ìpele kan á wá gba nǹkan bíi microsecond 0.63, ọgbọ̀n á gba 19. Ẹ rí i báyìí? Inú iná kan náà ni orí àti ẹsẹ̀ wà, àmọ́ orí ń sáré ju ẹsẹ̀ lọ.

Òkun Àgbádárìgì ti ń kọ́ wa tipẹ́

Ẹni tó bá ti dúró létí òkun ní Àgbádárìgì rí ti rí physics yìí lójú ara rẹ̀. Lókèèrè, ìgbì omi máa ń rọra wú bí ẹ̀yìn ìgbín. Bó ṣe ń sún mọ́ èbúté tí omi kò jìn mọ́, orí rẹ̀ á máa yára ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn á bá iwájú, ìgbì á nà ró bí ògiri, lẹ́yìn náà á wó lulẹ̀, gbàù!

Nínú NLTL, iwájú iná náà á nà ró bí ògiri lọ́nà kan náà. Ṣùgbọ́n kò lè wó bíi ti omi, torí fóltéèjì méjì kò lè wà lójú kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àkàbà sì ní ààlà tiẹ̀: ohun tó bá nà ró jù, tó ń yí padà kíákíá ju bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe lè tẹ̀lé e, kò lè kọjá. Kí ni ògiri á wá ṣe? Á pín sí òkìtì kéékèèké. Èyí tó ga jù á ṣáájú, torí òun ló yára jù, àwọn kúkúrú á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ga, sọ̀, ga, sọ̀, ga, sọ̀. Ìyẹn gan-an ni lọ-bọ̀ tí à ń wá. Ìgbì rédíò ti dé nìyẹn.

Òkìtì kọ̀ọ̀kan yẹn ní orúkọ: soliton. Ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́. Lọ́dún 1834, John Scott Russell, ẹnjiníà ọmọ Scotland, ń wo ọkọ̀ ojú omi tí ẹṣin ń fà nínú odò tí wọ́n gbẹ́ nítòsí Edinburgh. Ọkọ̀ dúró lójijì, omi tó wà níwájú rẹ̀ kò dúró. Ó kó ara rẹ̀ jọ sí òkìtì kan, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Russell fi ẹṣin lé e fún bíi máìlì kan sí méjì kó tó pàdánù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Ọdún 1895 ni Korteweg àti de Vries kọ ìṣirò tó ṣàlàyé rẹ̀, ọdún 1965 sì ni Zabusky àti Kruskal fún un lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Nígbà tó di 1970, Hirota àti Suzuki ní Japan fi kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ ṣe tiwọn, wọ́n sì rí soliton nínú wáyà.

Gbogbo ìtàn yìí ni mo mọ̀ sórí. Bọ́ọ̀dù mi kò sì ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ní Àlàbá

Mo ti pinnu pé kọ́ìlì ló ń bà mí jẹ́, ni mo bá gbé bọ́ọ̀dù sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ láti Ìyànà-Ìbà, mo sọ̀ ní Volks, mo gba kẹ̀kẹ́ wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àlàbá mọ̀ pé etí lèèyàn fi ń kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Sípíkà ṣọ́ọ̀bù yìí ń bá tòdìkejì jà, ọmọ onítúrọ́ọ̀lì ń pariwo kí wọ́n yà fún ẹrù, ẹnì kan ti di ọwọ́ ẹ mú: "Fíná gal, àbí kí ni, kí lo fẹ́ rà? Tẹlifíṣàn? Ìnfátà?"

Àwọn tó ń ta páátì kéékèèké kò gba ibi tó pọ̀. Lẹ́bàá wọn ni mo ti rí bàbá kan lábẹ́ agbòjò, tẹlifíṣàn tí wọ́n ti ṣí ìdí rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, mítà wà lápá ọ̀tún, rédíò kékeré tí wọ́n fi rọ́bà so wà lápá òsì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí ló bàjẹ́?"

Mo ní kọ́ìlì 100 microhenry ni mò ń wá. Ó ní kí n gbé èyí tó bàjẹ́ wá kóun rí i. Mo yọ bọ́ọ̀dù. Ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń tàn, ó yí i, ó tún yí i.

"Iṣẹ́ kí ni èyí ń ṣe?"

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọ́. Gèésì ni mo fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbìyànjú. Mo ní, "Bàbá, tí mo bá fi iná sí i láti ibí, mo fẹ́ kí ibi tí fóltéèjì rẹ̀ ti ga sáré ju ibi tó ti kéré lọ."

Ó wò mí. "Kí ló máa wá mú un sáré?"

"Kàpásítọ̀ yẹn, sà. Tí fóltéèjì bá gùn ún, iye rẹ̀ á dín kù."

"Èwo? Èyí?" Ó fi ìka kan kàpásítọ̀ aláwọ̀ ewé kan lórí bọ́ọ̀dù. "J lo kó síbí látòkè délẹ̀. J kì í dín kù. Ìdí tá a fi ń rà á nìyẹn."

Mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ìwé sọ fún mi pé seramíìkì ni kí n lò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá rajà, ẹni tó tà á fún mi ní seramíìkì yẹn kì í dúró lórí iye rẹ̀, kí n mú èyí tó dáa. Òótọ́ ló sọ. Mo san owó tó pọ̀, inú mi dùn pé oríjínà ni mo rà. Mo ka ìwé, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ohun tí mo kà bá mi wọ ọjà.

Bàbá tú àpótí kan, ó mú kàpásítọ̀ pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kan jáde. 103Z ni wọ́n kọ sí i lára. Ó fi sẹ́nu mítà: 10.4 nanofarad. Ó wá gbé soldering iron sún mọ́ ọn, kò kàn án lára. Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ lójú mi: 9, 7, 5, 4. Ó gbé irin kúrò, iye náà rọra ń gòkè padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ ewé tèmi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì.

"Ọmọ ìṣẹ́ mi kan fi Z rọ́pò J nínú tẹlifíṣàn oníbàárà nígbà kan," ló wí. "Láàárọ̀, àwòrán dúró dáadáa. Tó bá dọ̀sán tí ara rẹ̀ gbóná, àwòrán á máa yí lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníbàárà yẹn gbé e padà wá. Z kò ṣe é fọkàn tán."

"Bàbá, èyí tí kò ṣe é fọkàn tán yẹn ni mo fẹ́. Ẹ fún mi ní ogójì."

Ẹ̀rín pa á. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò tíì rí ẹni tó wá ra ìṣòro lówó rí.

Kí ló wà nínú kàpásítọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀?

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ ká ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí ó máa wúlò fún yín. 103 túmọ̀ sí 10 pẹ̀lú òdo mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn 10,000 picofarad, tó jẹ́ 10 nanofarad. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ń sọ bó ṣe lè yapa sí iye yẹn tó: J, ìdá 5 nínú 100, K, ìdá 10, M, ìdá 20. Z lè fi ìdá 80 lé, ó sì lè fi ìdá 20 dín. Ẹni tó bá fún ara rẹ̀ láyè tó bẹ́ẹ̀ yẹn ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú seramíìkì bẹ́ẹ̀ ni barium titanate, èyí tí wọ́n ṣàwárí agbára rẹ̀ láwọn ọdún 1940, nígbà ogun àgbáyé kejì. Nínú rẹ̀, ẹyọ titanium kan jókòó sínú àgò tí oxygen yí ká. Àyè wà fún un láti sún síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí fóltéèjì bá dé, á sún, sísún yìí ló ń jẹ́ kí kàpásítọ̀ kékeré gba iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n sísún lópin. Ẹ ronú nípa gàárì: ẹ bu omi àkọ́kọ́ sí i, ó mu ún gbẹ. Ẹ tún bù ú, ó tún mu díẹ̀. Tó bá ti wú tán, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i á kàn dúró lórí ni. Bẹ́ẹ̀ ni kàpásítọ̀ yìí: bí fóltéèjì bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó tún lè gbà ń dín kù. Aláwọ̀ ewé kò ní gàárì nínú. Ọ̀rá pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, iye rẹ̀ sì dúró sójú kan.

Ooru ni Bàbá fi hàn mí o, kì í ṣe fóltéèjì. Ohun kan náà kọ́. Torí náà, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo kọ́kọ́ wọn ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú bátìrì kí n tó tú ohunkóhun. Láìsí fóltéèjì, 10.4. Ní 40 volt, 4.2. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú

Mo tú aláwọ̀ ewé ọgbọ̀n, mo fi aláwọ̀ ilẹ̀ ọgbọ̀n rọ́pò wọn. Iná lọ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù parí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó ráyè tàn án.

Ní 10 volt, kò sí nǹkan. Àyà mi já. Ní 20 volt, iwájú iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í nà ró, bí ẹni tó fẹ́ dìde lórí ìjókòó. Ní 30, eyín kan yọ lórí rẹ̀. Ní 40, eyín mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tó ga jù ló ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Àlàfo tó wà láàárín wọn lé díẹ̀ ní microsecond 2, ìyẹn nǹkan bíi 450 kilohertz.

Mo pe Bàbá lórí fóònù. Mo ní mo gbé rédíò AM sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àmọ́ níbikíbi tí mo bá yí i sí ló ti ń dún. Bàbá kò tiẹ̀ ronú: "450 lo pè é? 455 ni IF ọ̀pọ̀ rédíò AM. Inú IF lo ti ń pariwo, ọmọ mi. Kò sí bó o ṣe fẹ́ yí i tí kò ní gbọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ rédíò AM máa ń kọ́kọ́ sọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá gbà di 455 kilohertz kó tó gbọ́ ohùn inú rẹ̀. Tèmi ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àmọ́ ìgbádùn kò gbọ́dọ̀ mú ká puro fún ara wa. Iná tó bá yọ lójijì lè dún nínú rédíò bákan ṣáá, ẹ lọ bi àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Torí náà mo tún to aláwọ̀ ewé mọ́ kọ́ìlì míì, mo fún un ní 40 volt kan náà. Ó dún lóòótọ́, àmọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, oscilloscope kò sì fi eyín kankan hàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bọ́ọ̀dù méjèèjì kò ju kàpásítọ̀ lọ.

Ta ló nílò irú nǹkan báyìí?

Tèmi kéré, ó sì jẹ́ kìkì fún ẹ̀kọ́. Láyé lóde, wọ́n ti gbé e jìnnà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ní Stanford, Amẹ́ríkà, fi dáyódù tín-tìn-tín rọ́pò kàpásítọ̀, wọ́n sì fi sọ etí iná di mímú débi picosecond mélòó kan, kí oscilloscope lè rí ohun tó yára gan-an. Irú dáyódù tí iye rẹ̀ ń yí padà bẹ́ẹ̀ wà nínú tuner àwọn tẹlifíṣàn àtijọ́ tó kún Àlàbá, varactor ni wọ́n ń pè é. Ní Brazil, ilé iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú wọn, INPE, ti ṣiṣẹ́ lórí NLTL. Àwọn kan tún ń lo ferrite, ohun dúdú tó máa ń wà nínú kọ́ìlì, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún volt, láti fi ṣe ìgbì rédíò alágbára fún radar.

Ìṣòro rẹ̀ náà wà. Seramíìkì aláwọ̀ ilẹ̀ ń jẹ agbára, apá kan iná ń di ooru lójú ọ̀nà. Ooru sì ń yí iye rẹ̀ padà, torí náà ohùn bọ́ọ̀dù mi láàárọ̀ kọ́ ni tọ̀sán. Gbogbo òkìtì náà sì wà lápá kan òdo ni, èèyàn ní láti yọ fóltéèjì tó dúró sójú kan kúrò kó tó lè gbé ìyókù lọ síbi áńtẹ́nà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má so áńtẹ́nà mọ́ ọn o. Afẹ́fẹ́ tí ìgbì ń gbà ní olówó, NCC àti NBC ló ń pín in ní Nàìjíríà. 40 volt náà kì í ṣe eré, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, súpáfáísọ̀ mi wo ojú oscilloscope fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Kàpásítọ̀ tí mo lò dáa jù, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ọ́ síwèé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n sì kọ orúkọ ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ sí ojú ìwé ìdúpẹ́. Mo padà sí Àlàbá láti béèrè bóyá Bàbá á gbà. Ó ní òun gbà, tí mo bá lè ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ òun tuntun bí Z ṣe ń ṣiṣẹ́. Gàárì ni mo fi bẹ̀rẹ̀.